Ọ̀nà Ilé Mẹ́rin

Bíríkìlà kò tíì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí fóómàn fi pè é sí ẹ̀yìn ọgbà, tó sì na ìka sí okùn tí wọ́n ti ta kalẹ̀. Okùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó lọ parí sí ara ògiri ilé tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà kò nílò àlàyé. Ẹnu ọ̀nà tóóró tí ilé mẹ́rin ń gbà jáde sí títì ni okùn yìí gbà kọjá. Ilé bíríkìlà fúnra rẹ̀ ni ìkẹta nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Odi ni," fóómàn wí. Kò wò ó lójú. "Kọ́ọ̀sì búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá. Ọ̀gá fẹ́ kó parí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bíríkìlà bi í bóyá ọ̀gá mọ̀ pé èèyàn ń gbé lẹ́yìn ibẹ̀. Fóómàn ní ọ̀gá mọ̀ dáadáa, ó sì ti ro tiwọn mọ́ ọn. Géètì kékeré kan ti wà lára ọgbà tuntun. Ọlọ́dẹ yóò máa ṣí i láàárọ̀, yóò tún máa ṣí i nírọ̀lẹ́, kí àwọn ará ẹ̀yìn lè máa gba inú ọgbà ọ̀gá kọjá. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé oore ńlá ni wọ́n ṣe wọ́n.

Ọ̀gá Gíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá tí à ń wí yìí, nítorí kò sí ilé tó kọ́ tí kì í fi gíláàsì bo iwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ilé tuntun yìí ló ń wá ibi tí mọ́tò àwọn ayálégbé yóò máa dúró sí fún. Ó wá a yíká, kò rí ibòmíràn, ojú rẹ̀ bá wọ ọ̀nà àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Bíríkìlà dúró gbagidi. Ó wo okùn, ó wo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò jọ, ó wo sìmẹ́ńtì tí àwọn lébìrà ń pò. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi jókòó sílé kí iṣẹ́ yìí tó dé, yàrá mọ́kànlá ló sì kù nínú ilé náà tí wọn kò tíì fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí òun kò bá mọ odi yìí, ẹlòmíràn yóò mọ ọ́n kí oòrùn tó mú. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, nígbà tí yóò fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Aṣọ ilé ìtura mẹ́ta ni obìnrin yìí ń fọ̀ nínú ilé kejì, aago méje ààbọ̀ ló sì máa ń ru bèsìnì rẹ̀ jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá kọ́ọ̀sì kìn-ín-ní, ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, nílẹ̀, ó bá bíríkìlà, ọkọ aránṣọ ilé kẹta, níbi tó ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀. Ó kí i. Bíríkìlà dá a lóhùn láì gbójú sókè. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé ìkejì, ṣùgbọ́n kò lọ sí ibi tó ń lọ mọ́. Ó sọ bèsìnì kalẹ̀ létí títì, ó tún gbé ẹsẹ̀ padà sínú, ó sì ń lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Nígbà tí bíríkìlà máa fi wọlé láago mẹ́sàn-án láti jẹun, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Aránṣọ ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí máṣìnnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ iléèwé mẹ́fà tó yẹ kó parí lónìí wà lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n máṣìnnì kò dún. Búrẹ́dì àti tíì tó bò mọ́lẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìyá bíríkìlà wà ní igun yàrá lórí àga onítáyà rẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti wé gèlè, ó ń retí kí wọ́n tì í lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

"Bàbá Ìbejì," aránṣọ ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ̀ ń mọ ọ́n?"

"Iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ mí níṣẹ́ pé kí n rán ẹnu ọmọ mi pọ̀."

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bíríkìlà bi í pé kí ló fẹ́ kí òun ṣe, ṣé kí òun ju iṣẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo wọn tún padà sórí gàrí àárọ̀ gàrí alẹ́ ni? Aránṣọ ní òun kò bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lòun ń sọ. Ó ní kí ó fi ibi tí àga ìyá rẹ̀ yóò gbà han òun. Bíríkìlà ní géètì kékeré wà. Aránṣọ ní òun ti lọ wo géètì kékeré náà kí ó tó wọlé. Ó ní abẹ́ rẹ̀ ga dé orúnkún, àfi kí wọ́n gbé àga náà bí àpótí, àti pé ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ti ń bi òun pé ta ni òun ń wá. Ohùn àwọn méjèèjì ròkè títí alábúrẹ́dì tó ń gbé ilé kẹrin fi dá pákó tó ń là fún ààrò rẹ̀ dúró, kí ó lè gbọ́.

Nígbà tí àárẹ̀ mú wọn, ìyá àgbà tún etí gèlè rẹ̀ ṣe.

"Aago mélòó ni wọ́n máa ṣí géètì náà?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Aago méje àárọ̀, Màmá. Wọ́n á tún ṣí i láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Ìyá àgbà rọra mi orí, bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

"Bí mo bá wá lọ kú lọ́sàn-án ńkọ́?"

Kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Aránṣọ kọ ojú sí fèrèsé. Bíríkìlà na ọwọ́ sí búrẹ́dì, ó fà á padà, ó sì jáde láì fẹnu kan nǹkan kan.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ kọ́ọ̀sì kejì parí, ó mú ìkẹta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n etí kò ní ìdérí. Ó gbọ́ tí ìyàwó alábúrẹ́dì ń sọ pé bóyá wọ́n ti fún un ní yàrá kan nínú ilé gíláàsì náà. Ó gbọ́ tí ẹlòmíràn ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ebi ni. Èyí tó dùn ún jù ni pé alágbàfọ̀, tó lẹ́nu jù lọ nínú wọn, kò sọ nǹkan kan.

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ó gbọ́ ìró táyà lórí yanrìn. Ó mọ ìró náà. Òun ló máa ń fi òróró sí i.

Aránṣọ ti àga náà dé ìdí odi, ó sì dúró. Kò pe ọkọ rẹ̀. Ó kàn di àga mú lẹ́yìn, bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀nà tí rélùwéè ń gbà kọjá. Odi ti ga tó ibi ìjókòó àga náà. Àwọn lébìrà dá ọwọ́ dúró. Fóómàn yí ojú sí fóònù rẹ̀.

"Ọmọ mi," ìyá ní, "wá gbé mi kọjá."

Bíríkìlà nu ọwọ́ sí ara ṣòkòtò. Ó fi apá kan sábẹ́ orúnkún ìyá rẹ̀, ó fi ìkejì gbá a lẹ́yìn, ó sì gbé e. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí odi tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, sìmẹ́ńtì tútù yọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ìyá sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú bí ọmọdé ṣe ń di ọrùn bàbá rẹ̀ mú. Aránṣọ gbé àga kọjá tẹ̀lé wọn. Nígbà tó gbé ìyá sórí àga tán, ìyá fi ọwọ́ gbọn eruku sìmẹ́ńtì kúrò ní èjìká rẹ̀, ó ní ó ṣeun. Wọ́n lọ.

Bíríkìlà dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi yà ní igun títì. Ó padà dé ìdí odi, ó bẹ̀rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò mọ ọ́n mọ́," ó sọ fún fóómàn.

Fóómàn rẹ́rìn-ín, ó ní kó má fi ara rẹ̀ ṣẹlẹ́yà. Ó ní ọ̀gá ní ìwé lórí ọ̀nà náà, pé tíṣà àgbà tó ń kọ̀wé kiri nítorí rẹ̀ ti ń dààmú ara rẹ̀ lásán láti ọjọ́ yìí wá, òkúta ààlà tó ń sọ ti sọnù, kò sì sẹ́ni tó lè fi ibi tí ilẹ̀ ọ̀gá dé hàn.

Ibi tí fóómàn ti ṣìṣe nìyẹn, nítorí ẹni tó ń purọ́ fún mọ̀ pé òkúta ààlà náà kò sọnù. Ọ̀pá kọnkéré kékeré ni, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sí lórí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọgbà, ṣọ́bìrì bíríkìlà yìí gan-an ló kàn án. Fóómàn ní kó fi sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, òkìtì náà sì wà níbẹ̀ dòní, wọn kò bù ú lò, wọn kò sì ṣí i nípò. Bíríkìlà ti mọ̀ látìgbà náà. Ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ó sì ń fi dá ara rẹ̀ lójú pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó kò kan òun.

Bíríkìlà fi fóómàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn tíṣà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni tíṣà àgbà ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Obìnrin awọnlẹ̀ kan ló fún un lésì pé àwọn ń bọ̀ lọ́la, ọjọ́ Ọjọ́rú, ìdí sì nìyí tí Ọ̀gá Gíláàsì fi fẹ́ kí odi ti dúró lónìí. Tíṣà jẹ́wọ́ pé ìṣòro kan ló kù: ìwé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wà lọ́wọ́ òun, ó fi ọ̀nà náà hàn kedere, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ní kí wọ́n fi òkúta ààlà tó bá a mu han àwọn, òun sì ti wá a títí ojú òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

"Mo mọ ibi tó wà, sà," bíríkìlà ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ obìnrin awọnlẹ̀ náà láago, ó bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn tí wọ́n fi ń darí kíláàsì, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní obìnrin náà sọ pé tí wọ́n bá fi òkúta náà hàn lónìí, òun ń bọ̀ láago mẹ́ta.

Aago méjìlá ti ń lọ lù. Òkìtì náà kì í ṣe kékeré, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko ni. Bíríkìlà mú ṣọ́bìrì ara rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Fóómàn ní ó ń ba nǹkan ọ̀gá jẹ́. Bíríkìlà ní òun kò bà á jẹ́, òun ń ṣí i nípò ni, àti pé bí òun bá parí òun lè tò ó jọ bí ìrẹsì nínú àwo. Alágbàfọ̀ dé, ó da aṣọ inú bèsìnì rẹ̀ sí orí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó sì gbé bèsìnì síwájú bíríkìlà.

"Bu sí i," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alábúrẹ́dì gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà kan tó fi ń kó pákó wá, ìyàwó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ yàrá kan láàárọ̀ gbé garawa méjì. Tíṣà, tí ẹ̀yìn ń dùn, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì pẹ̀lú ìwé àwòrán ilẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dà á sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí aránṣọ ti ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn láago kan, iṣẹ́ ti wọra. Ó wo ọkọ rẹ̀ tí òógùn bo láti orí dé ìdí. Ó gbé àga ìyá sábẹ́ ìbòji, ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àti ṣíbí mẹ́wàá, ó gbé e sílẹ̀ ní àárín gbogbo wọn. Kò bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ bu ẹ̀wà, òun ló gbé e fún.

Ọ̀gá Gíláàsì fúnra rẹ̀ dé láago méjì kọjá díẹ̀, bíríkìlà méjì láti ibi iṣẹ́ mìíràn wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Kò pariwo. Ó kí tíṣà, ó kí ìyá àgbà, ó fa bíríkìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti gbọ́ pé òṣìṣẹ́ gidi ni, àti pé ó ti sú òun láti máa lo fóómàn tí kò mọ èèyàn lò. Bí ó bá mọ odi yìí parí, láti ọ̀la lọ bíríkìlà ni yóò máa jẹ́ fóómàn lórí ilé náà àti lórí méjì tó tẹ̀lé e. Fóómàn wà nítòsí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ bí aṣọ tí wọ́n fún sílẹ̀.

Bíríkìlà wo ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ń fọ ṣíbí, kò gbójú sókè. Ó fi í sílẹ̀ fún un.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," bíríkìlà ní. "Mo ti gbé ìyá mi kọjá orí odi yìí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún lè gbé e."

Ó padà sídìí ṣọ́bìrì rẹ̀. Ọ̀gá Gíláàsì ní kí àwọn méjì tó kó wá gbéra. Èkínní nínú wọn dé ìdí odi, ó wo ilé mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, ó wo ìyá arúgbó lórí àga, ó bèèrè lọ́wọ́ alágbàfọ̀ pé ibo ni wọ́n yóò wá máa gbà. Alágbàfọ̀ ní kó bi ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó bọ́ bàtà, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹnìkejì jókòó tì í.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù nígbà tí etí ṣọ́bìrì kan nǹkan tó dún yàtọ̀. Bíríkìlà ju ṣọ́bìrì nù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ hú u. Orí kọnkéré náà yọ, ó funfun, ó sì dúró ṣinṣin níbi tí wọ́n rì í sí kí wọ́n tó bí bíríkìlà. Aránṣọ fa aṣọ kan yọ nínú èyí tó so mọ́ ìdí, ó rì í sínú omi, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lórí nọ́ńbà. Bí ó ṣe ń nù ún, tíṣà ń ka ti orí ìwé sókè. Wọ́n bá ara wọn mu láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Obìnrin awọnlẹ̀ náà dé ní agogo mẹ́ta géérégé lórí ọ̀kadà, fáìlì kan ní abíyá. Èèyàn kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo òkúta, ó wo ìwé, ó ta okùn ìwọ̀n láti ibẹ̀ dé ara ògiri tíṣà, ó tún un ta. Ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó sì yíjú sí Ọ̀gá Gíláàsì.

Ó ní ọ̀nà yìí kì í ṣe ti ọ̀gá, kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú. Gbogbo wọn ló ni ín láti rìn, kò sẹ́ni tó ni ín láti kọ́lé sí. Ó ní odi gbọ́dọ̀ kúrò lónìí, àti pé bí ọgbà ọ̀gá ṣe wà yìí, ó ti fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ inú ọ̀nà, ìyẹn náà yóò padà sẹ́yìn kí iṣẹ́ kankan tó tẹ̀síwájú lórí ilé náà.

Ọ̀gá Gíláàsì ní òun ń lọ sí kóòtù.

"Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń ṣí, sà," obìnrin náà ní. Ó mú ọ̀dà pupa jáde nínú àpò, ó sì fa ìlà gbọọrọ kan sára odi.

Ẹ̀rín tí tíṣà rín ni gbogbo wọn kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ́. Alábúrẹ́dì gbá bíríkìlà mọ́ra pẹ̀lú òógùn rẹ̀. Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi gèlè bo ojú, ó sunkún tó pọ̀, nígbà tí wọ́n sì bi í pé kí ló dé, ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń mú un mọ́ra. Mọ́tò Ọ̀gá Gíláàsì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí wò ó.

Bíríkìlà ló tú odi náà. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ dáadáa, nítorí náà kò ní láti fọ́ ohunkóhun. Ó ń mi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan títí tó fi yọ, ó ń họ ara rẹ̀ mọ́, ó sì ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà fún ẹni tó ni ín. Àwọn bíríkìlà méjì tí ẹsẹ̀ ń dùn ti wọ bàtà wọn padà, wọ́n ń bá a gbé e. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé wọ́n ń wá èèyàn ní iléèwé tuntun tó wà lẹ́yìn afárá, kó wá rí òun lọ́la. Bíríkìlà ní òun yóò wá.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ọ̀nà ti ṣí gbayawu. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà ṣòroó ṣàlàyé fún àlejò. Kò sẹ́ni tó níṣẹ́ kan pàtó ní títì, síbẹ̀ gbogbo wọn ń jáde. Tíṣà jáde, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó wọlé, ó tún jáde. Ìyàwó alábúrẹ́dì lọ ra ìṣáná, ó dé, ó ní òun gbàgbé iyọ̀, ó tún lọ. Àwọn ìbejì bíríkìlà tó ti iléèwé dé sáré títí èémí wọn fi pin. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé òun sí àárín ọ̀nà gan-an, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń gba owó ibodè, kò sì sí ẹni tó kọjá tí kò kí i.

Bíríkìlà ti wẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ń ta á. Aránṣọ ti máṣìnnì sẹ́yìn, ó dìde, ó mú bàtà rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ sìn mí jáde," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

"Níbo la ń lọ?"

"Kò síbì kankan."

Wọ́n rìn lọ sí títì, apá ń kan apá. Wọ́n dúró níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n wo mọ́tò tó ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n sì gba ọ̀nà wọn wọlé.